Ọmọ ti lo oògùn ibà tán, ìlà méjì ṣì ń yọ nínú àyẹ̀wò: ṣé oògùn ò ṣiṣẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibà mú ọmọ mi, ọmọ ọdún méje. Wọ́n gún un níka ní kẹ́míìsì àdúgbò wa, ìlà méjì yọ, wọ́n fún un ní Coartem, ó sì lò ó pé ọjọ́ mẹ́ta. Ara rẹ̀ yá, ó ń jẹun, ó ti padà síléèwé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, mo ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò kí ọkàn mi lè balẹ̀, ni ìlà méjì bá tún yọ. Ẹni tó ni kẹ́míìsì ní oògùn yẹn ò ràn án, pé abẹ́rẹ́ ló kù. Ṣé kí n gbà?
Ìyá ọlọ́mọ kan, Iléṣà

Ìdáhùn: Ẹ má gbà o, mà. Ọmọ tí ara rẹ̀ ò gbóná mọ́, tó ń jẹun, tó ń ṣeré, kò nílò abẹ́rẹ́ ibà nítorí ìlà kan tó yọ lórí ike. Iṣẹ́ láàbù ni mo ń ṣe, irú ìbéèrè yín yìí kì í sì í wọ́n lọ́dọ̀ wa, pàápàá lásìkò òjò.

Àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ yẹn kì í wo kòkòrò ibà fúnra rẹ̀. Ohun kan tí kòkòrò náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń wá, HRP2 ni wọ́n ń pè é. Plasmodium falciparum ló ń tú u jáde, òun náà sì ni kòkòrò ibà tó wọ́pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí “Pf” lára páálí. Oògùn lè pa kòkòrò náà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n HRP2 tó ti tú sílẹ̀ lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja yíyan tí a ti jẹ tán ni, tí òórùn rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ. Nítorí náà, ìlà méjì lọ́jọ́ kẹwàá kò yà mí lẹ́nu rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) pàápàá kò gbà kí a máa fi àyẹ̀wò HRP2 wò ó bóyá oògùn ti ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ike náà dáadáa. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín máa ń wọ ojú ihò kan, wọ́n á wá kán omi tó wà nínú ìgò kékeré tó bá a wá sí i. Omi náà á fa ẹ̀jẹ̀ lọ lórí sitiríìpù, ìyẹn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ike náà, á sì gbé àwọn èròjà aláwọ̀ dání. Nínú èyí tó pọ̀ jù, wúrà ló fún wọn láwọ̀, wúrà tó kúnná débi pé ojú lásán ò lè rí ẹyọ rẹ̀. Bí HRP2 bá wà, yóò há mọ́ ibi tí wọ́n kọ T sí, pupa á sì yọ níbẹ̀. Kódà bí ìlà T bá ṣe bàìbàì, ó ti yọ náà nìyẹn. Ìlà C ní tirẹ̀ ń sọ fún wa pé omi ṣàn dé òkè. Bí kò bá yọ, àyẹ̀wò ti bàjẹ́, ẹ ní kí wọ́n mú òmíràn.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ṣe jù ni àkókò. Ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́, ìwé inú páálí ló máa sọ ọ́. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá lọ dá oníbàárà mìíràn lóhùn, tó padà dé lẹ́yìn wákàtí kan, ohun tó bá rí nígbà náà kì í ṣe èsì mọ́, nítorí ìlà èké lè yọ. Ẹ tún wo ibi tó ń kó páálí náà sí: oòrùn tó ń pa gíláàsì ṣọ́ọ̀bù lè ba sitiríìpù jẹ́.

Bí ibà bá padà mú un láàárín oṣù yìí, ẹ gbé e lọ sí láàbù tó ní maikirosikóòpù. Wọn á tẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí gíláàsì, wọn á kùn ún, wọn á sì fi ojú wọn rí kòkòrò bó bá wà, kódà wọn á kà á. Ẹ mú páálí Coartem tó lò dání. Ẹ sọ fún wọn bó bá bì láàárín wákàtí kan tó gbé oògùn mì, àti bóyá ó jẹun sí i, torí oògùn yẹn ń fẹ́ oúnjẹ tó lọ́ràá díẹ̀ kó tó wọ ara dáadáa. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi Widal kan ṣoṣo, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá taifọ́ọ̀dù, kó jìnnìjìnnì bá yín pé taifọ́ọ̀dù ni. Ohun tí ara ti bá jà nígbà kan rí lè mú kí ìyẹn náà yọ.

Abẹ́rẹ́ artesunate wà fún ibà tó le gan-an, ilé ìwòsàn sì ni wọ́n ti ń gún un. Bí gìrì bá mú ọmọ, bí kò bá lè mu omi, tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tí kò dáhùn mọ́, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí kóòkì, ẹ má dúró de àyẹ̀wò kankan ní kẹ́míìsì, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ó bá ti lé ní oṣù kan àtààbọ̀ tó ti lo oògùn kí ara rẹ̀ tó tún gbóná, sitiríìpù tún ṣeé lò nígbà náà.