Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Yìnyín Tó Ń Di Eérú, Òkè Tó Ń Ṣe Bàìbàì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kámẹ́rà tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ǹsì ni mò ń lò, full frame ni (sensọ̀ inú rẹ̀ tóbi tó fíìmù 35 mm). Lẹ́ǹsì 24–70 mm kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì ní tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé). Mo fẹ́ máa gun òkè láti ìparí oṣù Kẹta títí wọ oṣù Kẹfà, kí n máa ya òkè àti ojú ọjọ́ bí ìgbà ìrúwé ṣe ń bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú àwọn tí mo ti yà, yìnyín ń dà bí eérú, òkè tó jìnnà ń ṣe bàìbàì, bí ojú ọ̀run bá sì jáde dáadáa, àfonífojì á ṣókùnkùn biribiri. Ṣé kí n ra lẹ́ǹsì míì ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Ohun tó ń ṣe yìnyín yín kọ́ ló ń ṣe òkè yín, kò sì sí lẹ́ǹsì tó máa wo ìkankan nínú wọn sàn. Wákàtí tí ẹ bá débẹ̀ ló máa tún èyí tó pọ̀ jù ṣe. Ìyókù ò ju bọ́tìnì kan tàbí méjì lọ.

Ká ti orí yìnyín bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà ò mọ̀ pé funfun lohun tó wà níwájú òun. Ohunkóhun tó bá gba ojú àwòrán, ńṣe ló máa ń fà á wá sí agbedeméjì funfun àti dúdú. Bí yìnyín bá ti kún ibẹ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, eérú á sì dé. Ẹ yí bọ́tìnì +/−, èyí tó ń fi kún ìmọ́lẹ̀ àwòrán tàbí tó ń dín in kù, sí +1. Bí oòrùn bá ń ràn sórí yìnyín tó bo gbogbo àwòrán, ẹ lè gbé e dé +1.7 tàbí +2. Kí ẹ wá wo histogram, àtẹ tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ àwòrán ṣe pọ̀ sí hàn, dúdú lápá òsì, funfun lápá ọ̀tún: ó yẹ kí òkìtì rẹ̀ sún mọ́ etí ọ̀tún láìfara kàn án. Ẹ tan àmì tó máa ń ṣẹ́jú níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù; bí yìnyín bá ń ṣẹ́jú, ẹ dín in kù ní 1/3, kí ẹ tún un yà. RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì ṣe àtúnṣe sí) ni kí ẹ máa fi yà á, ó máa ń fún yín láyè àtúnṣe ju JPEG lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí: +1 tó ṣiṣẹ́ lóṣù Kẹrin lè ba àwòrán jẹ́ lóṣù Kẹfà. Nígbà yẹn yìnyín ti yọ́, ó ti ku abala abala láàárín àpáta dúdú. Àpáta ni kámẹ́rà ń wò báyìí, á fi kún ìmọ́lẹ̀, àwọn abala funfun yẹn á sì fọ́ lójú. 0 tàbí −0.7 lẹ máa nílò níbẹ̀. Ní ti òjìji tó ń ṣe búlúù lórí yìnyín, kì í ṣe àléébù: ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló ń tàn síbẹ̀, kì í ṣe ti oòrùn. Ẹ gbé white balance (ètò tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe) sí nǹkan bí 5200 K, kí ẹ jẹ́ kí díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú búlúù náà.

Òkè tó ń ṣe bàìbàì, ọ̀rọ̀ wákàtí ni. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ á máa gbé oru omi àti eruku láti àfonífojì lọ sókè, ó sì máa ń burú sí i títí di ọ̀sán. Ìdájí lẹ ó ti rí òkè tó jìnnà kedere, pàápàá láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé òjò ńlá. Ẹ má ra fílítà UV (èyí tó ń dí ìmọ́lẹ̀ UV tí ojú èèyàn ò lè rí) nítorí èyí, kámẹ́rà ìgbàlódé ti ń dí UV fúnra rẹ̀. Polarizer, fílítà yíyí tó máa ń mú ojú ọ̀run dúdú sí i, wúlò díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe níbi gbogbo. Ẹ na ìka ìfábẹ̀lá àti àtàǹpàkò bí ọmọdé tó ń fọwọ́ ṣe ìbọn, ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá tọ́ka sí oòrùn, kí ẹ máa yí ọrùn ọwọ́: gbogbo ibi tí àtàǹpàkò bá ń kọjú sí ni polarizer ti lágbára jù. Ní 24 mm, níbi tí lẹ́ǹsì yín ti ń rí ibi tó fẹ̀ jù, ó máa ń fi àpá dúdú kan sí àárín ojú ọ̀run. Ẹ yí i padà díẹ̀, tàbí kí ẹ sún lẹ́ǹsì kọjá 35. Bí ẹ bá sì ti gòkè gan-an, ojú ọ̀run ibẹ̀ ti dúdú fúnra rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Àfonífojì tó ṣókùnkùn ńkọ́? Oòrùn ti dé ṣóńṣó òkè, ìsàlẹ̀ ṣì wà nínú òjìji, ìyàtọ̀ àárín wọn sì ju ohun tí kámẹ́rà lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ẹ gbé e sórí tripod, ẹ ya mẹ́ta, −2, 0 àti +2, kí ẹ pa wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Fílítà tí apá òkè rẹ̀ dúdú wà lóòótọ́, àmọ́ ìlà rẹ̀ gún régé, òkè ò sì gún régé. Orí òkè ló máa ń sọ di dúdú. Èmi kì í dámọ̀ràn rẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ojú lẹ́ǹsì, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, f/8 sí f/11 ti tó (bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni ihò ń kéré). Bí ẹ bá fún un dé f/22, gbogbo àwòrán á rọ̀, kò ní mú kedere mọ́.

Ó wá ku ojú ọjọ́, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Bí òjò bá rọ̀ lánàá, tí òru mọ́ gaara láìsí afẹ́fẹ́, òtútù á ṣàn sọ̀kalẹ̀ sínú àfonífojì, kùrukùru á sì dì síbẹ̀. Ẹ ti gòkè kọjá rẹ̀ kí oòrùn tó yọ, torí oòrùn lè tú u ká láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Ẹ lo apá 70 mm, kí ẹ fi +0.7 sí +1 kún un bíi ti yìnyín. Ìgbà tó bá ń fà ya ló dùn yà jù; ẹ má tíì kó ẹrù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa wo àwọsánmà kí aago mọ́kànlá àárọ̀ tó lù. Èyí tó bá ti ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, tó sì ń ga sí i, àrá ló ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán: mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kan. Bí kò bá pé 30, ó ti wà láàárín kìlómítà mẹ́wàá sí yín. Ẹ kúrò lórí ṣóńṣó àti etí òkè lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró ti tripod, kí ẹ má sì padà síbẹ̀ títí 30 ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn. Inú ọkọ̀ tàbí ilé ni ká ti máa ya mànàmáná.

Bí òjò náà bá ń lọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ kẹ́yìn sí oòrùn. Òṣùmàrè kì í yọ sókè ilẹ̀ àyàfi bí gíga oòrùn sí ilẹ̀ bá ti wá sísàlẹ̀ 42°, ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í rí i lọ́sàn-án gangan lóṣù Kẹfà. Odidi rẹ̀ fẹ̀ tó 84°, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 74° ni 24 mm yín ń rí. Ẹ yà á ní òòró lẹ́ẹ̀mẹrin sí márùn-ún kí ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀, tàbí kí ẹ fi 50 mm mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan níbi tó ti bà lé òkè. Èyí ẹ̀yìn yìí ló wù mí jù. Ẹ rọra yí polarizer níbẹ̀ o: apá kan á mú àwọ̀ rẹ̀ jáde, apá kejì á pa á rẹ́ pátápátá.

Ní ìhà àríwá ayé, oòrùn oṣù Kẹfà máa ń yọ láti àríwá ìlà-oòrùn, ó sì ń wọ̀ sí àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ojú òkè tó kọ sí àríwá, tó wà nínú òjìji ní gbogbo ìgbà òtútù, á rí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn nìkan ni kí ẹ lọ yà á.

Odò tí yìnyín yíyọ́ ń bọ́ máa ń kún jù ní ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Ó dára fún àwòrán, 1/4 sí 1/2 ìṣẹ́jú àáyá ni kí ẹ fi yà á, àmọ́ ẹ lè má lè la èyí tí ẹ là kọjá láàárọ̀ padà mọ́. Yìnyín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà máa ń rọ̀ bí oòrùn bá ti mú, ó sì lè ya lulẹ̀. Ẹ ti kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Bí ẹ bá gòkè ní 1,000 mítà, òtútù á fi nǹkan bí 6.5 °C lé sí i, nítorí náà àpò inú aṣọ ni kí bátìrì kejì wà. Kí ẹ tó wọ ilé tó móoru, ẹ sé kámẹ́rà mọ́nú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á sẹ̀ sára lẹ́ǹsì, ó tiẹ̀ lè sẹ̀ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wo àwòrán lálẹ́ ọjọ́ náà, ìta ni kí ẹ ti yọ káàdì kúrò kí ẹ tó sé e.