Ṣé kí n sanwó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òwò àgbàdo?

Àbúrò mi ará Ìṣẹ́yìn, o ní o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò àgbàdo àti sóyà, pé wọ́n ń pè ọ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan, àmọ́ owó rẹ̀ wọ́n, ṣé kí o lọ. Èmi ń kó àgbàdo láti Òkè-Ògùn wá sí Ìbàdàn, mo sì ti jókòó ní irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Bi wọ́n bóyá àgbàdo gidi máa wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì lẹ ó ti máa wo àwòrán lára ògiri, fi owó rẹ ra tapólì tí wàá máa sá àgbàdo lé.

Mo lọ sí ti òtẹ́ẹ̀lì yẹn rí. A jẹ ìrẹsì, a ya fọ́tò, a gba sáàtífíkéètì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan hóró kan. Àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ tí mò ń tà fún ò bi mí ní sáàtífíkéètì rí. Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́nu géètì ni pé ọmọkùnrin kan á fi irin oníhò gún àpò láti ẹ̀gbẹ́, hóró tó wà láàárín gbùngbùn á ya sí i lọ́wọ́, á dà á sínú ẹ̀rọ kékeré tó ń ka omi. Bó bá ka omi 16 nínú ọgọ́rùn-ún, yálà kí wọ́n gé owó rẹ tàbí kí o da ọkọ̀ padà. Ibẹ̀ ni àṣírí àwọn tó ń fi gbígbẹ bo tútù lójú ti ń tú.

Èyí tó ṣe mí láǹfààní, àgbàlá la ti ṣe é, lórí tapólì, nínú oòrùn. Olùkọ́ náà kọ ìṣirò kan tí mo ṣì ń lò títí dòní: àgbàdo 100 kílò tí omi inú rẹ̀ jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún, bí o bá sá a títí tó fi dé 13, kílò 92 lo máa bá lórí òṣùwọ̀n. Nínú tọ́ọ̀nù 10, bí àpò mẹ́jọ oníkílò 100 ló bá oòrùn lọ yẹn, kò sì sólè tó wọlé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ra àgbàdo tútù lóṣù kẹjọ, á ní ọjà pọ̀.

Bí o kò bá tíì lówó ẹ̀rọ, iyọ̀ wà. Wá ìgò tó gbẹ, da hóró sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, bu iyọ̀ gbígbẹ sí i, dé e, mì í dáadáa, kí o gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú hóró yẹn ti lé ní 15. Àwọn ìyá wa ní Bódìjà ò nílò ìgò, eyín ni wọ́n fi ń fọ́ ọ, bó ṣe dún ni wọ́n fi ń mọ̀. Ìyẹn ò ṣeé kọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣá.

Bi wọ́n nípa ìpamọ́ náà. Bí olùkọ́ bá ní kí o wọ́n oògùn apakòkòrò olómi sí ẹ̀wà tàbí àgbàdo nínú àpò, dìde. Dichlorvos, ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, tó kù lára ẹ̀wà ló mú kí ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa ní 2015. Àpò PICS ni kí wọ́n kọ́ ọ. Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítorí ẹ̀wà: ọ̀rá méjì nínú, àpò líle lóde. Bí o bá so ọ́ pa dáadáa, èémí á tán fún kòkòrò, láìsí oògùn. Àmọ́ kì í bá ènìyàn gbẹ àgbàdo o. Tútù tó bá wọbẹ̀, bíbu ló máa bu. Àgbàdo tó bu lè ní májèlé aflatoxin, sísè kì í sì í mú un kúrò, nítorí náà má ṣe pò ó mọ́ èyí tó dáa.

Ní ti ibi tí o lè lọ, iṣẹ́ NSPRI, ilé ìwádìí ìjọba ní Ìlọrin, kò ju ìpamọ́ irè oko lọ. NCAM, ilé iṣẹ́ ìjọba ní Ìdófìàn lẹ́bàá Ìlọrin, ni ti ẹ̀rọ oko. Bó bá jẹ́ ògì gbígbẹ inú ọ̀rá lo ní lọ́kàn, FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì, ni kí o wádìí lọ́dọ̀ wọn, kí o sì fi owó nọ́ńbà NAFDAC sínú ìṣirò rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó pè ọ́ yìí, ní kí wọ́n fún ọ ní nọ́ńbà ẹnì kan tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn tó ṣì ń ta ọkà. Bi ẹni yẹn ta ni oníbàárà rẹ̀, àti bóyá kílò ni wọ́n fi ń rà á tàbí kóńgò. Kí o sì sọ oṣù tí o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún wa níbí. Àgbàdo oṣù kẹjọ, òjò ṣì ń lù ú nígbà tí o bá ń rà á, owó gbígbẹ rẹ̀ máa pọ̀. Ti oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, ọyẹ́ á bá ọ ṣe lára iṣẹ́ náà.