Èsì fún ẹ̀gbọ́n tí àbúrò rẹ̀ ní Ìperu gba iṣẹ́ àwòrán ìwé ọmọdé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àbúrò yín obìnrin ní Ìperu rí iṣẹ́ àwòrán ìwé ọmọdé gbà, ẹ ń bèèrè iye tó yẹ kó pè é, àti bóyá pépà ni kó lò tàbí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyẹn níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ kọ́kọ́ bi í ná: ṣé wọ́n ti fún un ní ìwé àdéhùn? Bí wọn ò bá tíì fún un, kó má fa ìlà kan.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ló gbé ìtàn wá fún mi, ti ọmọbìnrin kan tó bá ìyá àgbà rẹ̀ lọ ta gàrí ní ọjà Òkè-Ajé níbí. Wọ́n san díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní ìyókù di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Inú mi dùn, torí mo mọ ọjà yẹn bí ẹni mowó. Mo ya òrùlé páànù tó ti dípẹtà, mo ya ìyá àgbà pẹ̀lú kóńgò lọ́wọ́, tó ń bu gàrí lé e títí tó fi ń ya dànù. Olóòtú wọn dá a padà. Ó ní páànù ò jọ ilẹ̀ Áfíríkà lójú òun, kí n fi koríko bo ilé. Koríko, ní Ìjẹ̀bú-Òde! Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pe ẹni yẹn o. Mo fi koríko bò ó. Ó tún ránṣẹ́ pé ọ̀gá òun ò fẹ́ koríko mọ́, kí n dá páànù padà. Àwọ̀ olómi ni mo fi yà á, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pa rẹ́. Ńṣe ni mo tún gbogbo ojú ewé wọ̀nyẹn yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ́bọ̀, wọn ò fi kún owó mi.

Nígbà tí mo parí, wọ́n ní ojúlówó àwòrán làwọn fẹ́, pé fáìlì tí mo fi ránṣẹ́ ò mọ́ tó. Mo fi káádìbọ́ọ̀dù dì wọ́n, mo gbé wọn lọ fúnra mi. Láti ọjọ́ náà, wọn ò gbé fóònù mi mọ́. Ìwé jáde, orúkọ òǹkọ̀wé gàdàgbà níwájú, tèmi ò sí níbì kankan. Ó wá di ọjọ́ kan ní Ṣàgámù, mo rí ọmọbìnrin tí mo yà lára kàlẹ́ńdà jẹ́lé-ó-sinmi kan. Ojú kan náà, ṣùkú kan náà, kóńgò ìyá àgbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gba ọ́fíìsì ìjọba kan lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ ní, "Ṣé ìwọ lo kọ ìwé ni? Àwòrán lásán mà ni." Ó ní kí n lọ mú ríṣíìtì wá. Ríṣíìtì kí ni? Ṣé mo ra ọwọ́ mi ni? Lọ́yà tí mo tún lọ bá gba owó ìjókòó tán kó tó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ojúlówó àwòrán ńkọ́? Ilé ìtẹ̀wé yẹn ní òjò wọ sítọ́ọ̀ àwọn.

Akọ̀wé àti lọ́yà yẹn ò sọ fún mi pé òfin kọ́píráìtì Nàìjíríà ọdún 2022, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wà, pé ẹni tó ya àwòrán kì í gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìsí ìwé, àti pé ẹ̀tọ́ náà ń bẹ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwòrán lásán! Láti 1966 ni wọ́n ti ń fún ayàwòrán ní àmì-ẹ̀yẹ Hans Christian Andersen, ti àgbáyé fún ìwé ọmọdé, tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe ń fún òǹkọ̀wé.

Nítorí náà, kó wà nínú ìwé àdéhùn àbúrò yín: orúkọ rẹ̀ níwájú ìwé, àtúnṣe mélòó ló jẹ́ ọ̀fẹ́, ìwé yìí nìkan ni wọ́n lè lo àwòrán fún, ojúlówó sì jẹ́ tirẹ̀. Kó má sì máa gbé àwòrán ńlá tó mọ́ kedere sórí Facebook nítorí àwọn tó ń kí i kú iṣẹ́.

Ìwé 32 ojú ewé ló wọ́pọ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń ká pépà nílé ìtẹ̀wé. Kó má fi ojú èèyàn sí àárín ibi tí wọ́n ti ń rán ìwé. Kó kọ́kọ́ ya ọmọ inú ìtàn náà sórí pépà kan lọ́tọ̀, iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, pẹ̀lú irun rẹ̀. Bí ó bá di ṣùkú lójú ewé 5, tó wá di pàtẹ́wọ́ lójú ewé 9 nínú ọjọ́ kan náà, olóòtú lè má rí i. Ọmọ ọdún mẹ́rin á rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, owó lẹ bèèrè. Kó pè é ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kó ya iwájú ìwé sọ́tọ̀. Kó gba ìdá kan nínú mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdá kan tí wọ́n bá fọwọ́ sí sikẹ́ẹ̀ṣì, ìyẹn àwòrán àkọ́kọ́ tí kò tíì ní àwọ̀, ìyókù kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Pépà tàbí kọ̀ǹpútà, èyí tó bá mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà, kó ní kí wọ́n tẹ ojú ewé kan wò ná, torí àwọ̀ ewé tó ń tàn lójú ẹ̀rọ máa ń kú lórí pépà.

Bí wọ́n bá ti fi àdéhùn ránṣẹ́ sí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí, ẹ fi ìka bo orúkọ wọn. Màá kà á lálẹ́ yìí.