Ìdáhùn sí ẹni tó kọ̀wé láti Houston: ẹ má tíì fi bọ́ọ̀dù mìíràn ránṣẹ́

Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ọkàn-àìbalẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, àfi bíi pé ẹnìkan ló jí ìtàn tèmi kọ. Ẹ ní ẹ to kọ̀ǹpútà kékeré kan, prósẹ́sọ̀ rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) jẹ́ Ryzen 5 7500F, RAM rẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) jẹ́ DDR5, ẹ gbé e ránṣẹ́ sí àbúrò yín ní Òṣogbo kó lè máa fi ṣiṣẹ́ fídíò òde àríyá. Ó délé, fáànù ń yí, iná inú rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n "No Signal" ni mọ́níítọ̀ ń kọ. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkè-Fíà wá ní bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́, ló jóná, ẹ̀yin náà wá ń bèèrè bí òmíràn ṣe lè kọjá ní ibodè láìgba owó gọbọi lọ́wọ́ yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ má rán nǹkan kan.

Lọ́dún tó kọjá, èmi náà to ọ̀kan ní Manchester níbí fún àbúrò mi tó wà ní Òkè-Báálẹ̀. Mo mú kékeré torí pé mo fẹ́ gbé e lọ́wọ́. Kílò 23 tí wọ́n fún mi ti kún fún aṣọ Màámi àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Prósẹ́sọ̀ rẹ̀ jẹ́ i5-12400F, káàdì àwòrán rẹ̀ jẹ́ RTX 3060. Orí tábìlì ni mo kọ́kọ́ to gbogbo rẹ̀ sí, mo ki káàdì bọ bọ́ọ̀dù tààrà, ó tàn yòò, mo fi Windows sí i, inú mi ń dùn. Alẹ́ tó ku ọ̀la tí mo máa wọ bàálù ni mo tó kó o sínú àpótí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú àpótí yẹn: káàdì kì í jókòó lórí bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wà, wáyà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní riser ló so wọ́n pọ̀. Mo so ó, mo fi skúrù dè é, mo pa báàgì dé. N ò tún tàn án wò. Aago méjì òru ti lù, oorun ń kùn mí.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀gá kan tó wọ aṣọ ìjọba nawọ́ sí i, ó ní kí ni àpótí irin tó ní ihò káàkiri yìí. Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Ó ní, "Kọ̀ǹpútà wo ni kò ní ojú?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wọ́n, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ló máa sanwó ẹ̀rín. Ó dá mi dúró títí gbogbo èrò bàálù fi jáde tán, ó ń bi mí bóyá òwò ni mo fẹ́ fi ṣe. Rìsíìtì tí mo tẹ̀ sórí bébà ló gbà mí sílẹ̀. Ti inú fóònù, kò tilẹ̀ wò ó.

A dé Òṣogbo, mo so ó mọ́ iná, òkùnkùn. Ọ̀gá yẹn ló jàre, kọ̀ǹpútà mi ò ní ojú lóòótọ́.

Màámi ní kí n gbé e kúrò létí fèrèsé, pé òjò ti fẹ́ sí i. Ọkọ àǹtí mi ní iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́sàn-án ló ga jù tó sì jó o. Gbogbo wa la sáà ní ọkọ àǹtí tó mọ ẹnìkan; tèmi mọ ọ̀gá kan nítòsí Ọláìyá. Ọ̀gá náà tú u, ó gbóòórùn bọ́ọ̀dù bí ẹni ń gbóòórùn ẹja, ó ní, "Ó ti lọ." Ó gbowó àyẹ̀wò. Ìsinmi mi ti parí, mo padà síbí, mo tún ra bọ́ọ̀dù mìíràn, ó lé ní 100 pọ́n-ùn, mo fà á lé ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn yẹn ò ṣeé sọ tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bọ́ọ̀dù fi sùn sọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àbúrò mi lọ síbẹ̀. Wọ́n ní kò tíì dé. Wọ́n ní ó ti dé, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ò tíì dé. Wọ́n ní ìwé ti dé, ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí òde ìsìnkú. Nígbà tí wọ́n máa gbé e jáde, wọ́n bu owó kan lé e tí wọn ò já ìwé fún. Mo san án. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Wọ́n gbé bọ́ọ̀dù tuntun wọlé. Òkùnkùn kan náà.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn ló bọ́ sọ́rọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, kí ni wáyà pẹlẹbẹ yìí ń ṣe gan-an?" Ọ̀gá ní kó má da òun láàmú. Nígbà tí ọ̀gá lọ kírun, ọmọ náà gbé bọ́ọ̀dù jáde sórí páálí, ó ki káàdì bọ̀ ọ́ tààrà láìlo riser, àwòrán yọ. Ó gbé bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ó ti kú, ó ṣe é bákan náà, àwòrán tún yọ. Bọ́ọ̀dù méjì, ẹyọ kan ò jóná. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá láti oṣù méjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. PCIe ni ọ̀nà tí káàdì àti bọ́ọ̀dù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìyára 4.0 sì ni tèmi ń lò. Riser tó bá àpótí mi wá jẹ́ ti 3.0, ìdajì ìyára yẹn ni wọ́n ṣe é fún. Bọ́ọ̀dù tó bá wà lórí Auto, ìyẹn kó máa yan ìyára fúnra rẹ̀, ìyára tó ga jù tí òun àti káàdì jọ ní ló máa gbìyànjú, kò sì sí èyí tó mọ irú wáyà tó wà láàárín wọn. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí tírélà gbà. Kì í ṣe gbogbo riser 3.0 ló ń ṣe báyìí, òmíràn máa ń tiraka, àwòrán á yọ, á tún lọ. Tèmi ò yọ rárá.

Èyí tó wá pa á pọ̀ ni lẹ́tà F tó wà nídìí orúkọ prósẹ́sọ̀ wa, tèmi àti tiyín. Àwọn tó ní F yẹn kò lè gbé àwòrán jáde fúnra wọn. Nítorí náà tí ẹ bá ki HDMI, wáyà mọ́níítọ̀, sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, ẹ kàn ń fi àkókò ṣòfò ni, ara káàdì ló gbọ́dọ̀ wà. Tí káàdì ò bá sì tàn, kò sí bí ẹ ṣe máa rí inú BIOS, ibi tí wọ́n ti ń yan bí bọ́ọ̀dù ṣe máa ṣiṣẹ́, láti dín ìyára yẹn kù. Ilẹ̀kùn tì, kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé.

Ọ̀nà àbáyọ ni ohun tí ọmọbìnrin yẹn ṣe. Kí wọ́n gbé bọ́ọ̀dù jáde sórí páálí gbígbẹ, RAM ẹyọ kan, káàdì tààrà lórí bọ́ọ̀dù, HDMI sára káàdì. Tó bá tàn, kí wọ́n wọ BIOS, kí wọ́n wá ibi tí wọ́n ti ń yan ìyára PCIe ti káàdì, kí wọ́n mú un kúrò ní Auto sí Gen3, ìyẹn ìyára 3.0, kí wọ́n fi pamọ́, kí wọ́n pa á, kí wọ́n wá dá riser padà. Àbúrò yín tó ń ṣe fídíò máa mọ bí wọ́n ṣe ń wọ BIOS, n ò ní kọ ìyẹn. Ohun tí iṣẹ́ máa pàdánù nínú ìyára kò tó nǹkan, àbúrò mi ò mọ ìyàtọ̀.

Ṣùgbọ́n bátìrì! Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, torí ibẹ̀ ni mo ti tún sunkún. Àwọn oníṣẹ́ wa, nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe sí kọ̀ǹpútà tí kò bá tàn ni kí wọ́n yọ bátìrì CR2032 orí bọ́ọ̀dù, pé kó sinmi. Lórí bọ́ọ̀dù tèmi, bó bá ti kúrò báyìí, Gen3 ti lọ, Auto ti padà, òkùnkùn ti dé. Oṣù kejì tí a tún un ṣe, ọ̀gá wa ní òun fẹ́ gbọn eruku rẹ̀, ó yọ bátìrì láìbèèrè, àbúrò mi pè mí láàárín òru pé ó ti kú. Tọkàntọkàn ni mo fi fẹ́ tún ra bọ́ọ̀dù kẹta! Báyìí, wọ́n ti fi máákà kọ ọ́ sára àpótí náà: MÁ YỌ BÁTÌRÌ. GEN3. Ẹni tó bá fi BIOS tuntun sí i náà lè da gbogbo rẹ̀ padà sí Auto, kí ẹ kìlọ̀ fún un.

Ti ẹ̀yin tún burú jù tèmi lọ, torí DDR5. Bọ́ọ̀dù Ryzen irú tiyín, nígbà tó bá kọ́kọ́ rí RAM, á máa dán an wò fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ojú mọ́níítọ̀ á dúdú kirikiri, fáànù á máa yí. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kò ṣiṣẹ́, á pa á. Tí wọ́n bá tún yọ bátìrì, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí iná bá sì lọ láàárín, bákan náà. Kí àbúrò yín so ó mọ́ ìnfátà, kó tàn án, kó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó lọ jẹun.

Kí wọ́n tún wo wáyà iná tó lọ síbi prósẹ́sọ̀, èyí tó wà lókè bọ́ọ̀dù. Fáànù lè máa yí láìsí i. Ọ̀rọ̀ iná Amẹ́ríkà àti tiwa, tí wọ́n bá kọ 100-240V sára páwà rẹ̀, ẹ má rò ó.

Ẹ má jẹ́ kó sun ṣọ́ọ̀bù. Kí àbúrò yín jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣe é tán, kó má di pé RAM 32 wọlé, RAM 16 jáde. Tó bá di dandan kí ẹ rán nǹkan, riser 4.0 ni kí ẹ rán, ó fúyẹ́, ẹni tó ń bọ̀ nílé lè fi í sáàárín ìwé. Ìyẹn ni mo ṣe lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, a ò sì tún nílò Gen3 mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò mi kọ̀ láti pa ọ̀rọ̀ máákà yẹn rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán riser yín, pàápàá ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí lára rẹ̀, kí ẹ fi sí abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí, mo máa rí i kí ilẹ̀ Houston tó mọ́.