Bí ohùn bá ń sá kúrò lára ẹnu

Ọ̀kun o, àbúrò. O ní o fi kámẹ́rà méjì àti fóònù kan ya ìgbéyàwó, o sì to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ dára, àmọ́ nígbà tí yóò fi tó wákàtí kan, ohùn fóònù ti kúrò lára ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. O wá ń béèrè bóyá kí o máa gé e wẹ́wẹ́, kí o máa tì í síwá sẹ́yìn. Jọ̀ọ́, má ṣe é. Mo ti ṣe é rí, mo mọ ibi tó bá mi dé.

Ìgbéyàwó kan ni, ní Ìsánlú. Ìyá ìyàwó dìde nígbẹ̀yìn láti súre fún ọmọ rẹ̀. Kámẹ́rà kan kò rí ojú rẹ̀, èkejì ń ya ọkọ àti ìyàwó, fóònù tí mo so mọ́ òpó nìkan ló rí ìyá náà gbangba. Nígbà tí mo gbé e sórí láàpútọ́ọ̀pù ní Kàbà, ìyá ti pa ẹnu dé, ó ti ń fi ìborùn nu omijé, "àmín" ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Òru méjì ni mo fi jókòó, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, mò ń gé fídíò náà ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Bí mo bá tún ibí ṣe, ọ̀hún a bàjẹ́. Ó dùn mí wọra, torí ìyá yẹn kò lè súre yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó fà á rèé. Kámẹ́rà gidi máa ń ya iye àwòrán kan náà, èyí tí à ń pè ní fréèmù, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ká sọ pé 25, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, yóò dín in kù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá padà dé, yóò tún fi kún un. Ohùn ní tiẹ̀ kò yẹsẹ̀. Bí sọ́fítíwíà bá wá ka àwọn fréèmù yẹn bí ẹni pé wọ́n dọ́gba, àwòrán àti ohùn á máa jìnnà síra díẹ̀díẹ̀. Ibi tí o tò ó sí kò ṣẹ̀, òṣùwọ̀n ló ń yí padà lábẹ́ rẹ̀, ni títì kò fi lè wò ó sàn.

Ṣí fáìlì fóònù náà nínú MediaInfo, sọ́fítíwíà tó ń sọ ohun tó wà nínú fáìlì fídíò. Bí o bá rí Variable (iye fréèmù ń yí padà) níwájú Frame rate mode, ọwọ́ ti tẹ olè. Gbé fáìlì náà sínú HandBrake, sọ́fítíwíà tó ń tún fídíò ṣe sí fáìlì mìíràn, ọ̀fẹ́ ni, yan Constant Framerate (iye fréèmù kan náà látòkè délẹ̀), kí o sì fi iye tí àwọn kámẹ́rà yòókù ń lò sí i. Kí fáìlì tó wọ inú ẹ́díìtì rárá ni o ó ti ṣe èyí o. Ó máa ń pẹ́, nítorí náà ṣe é nígbà tí iná bá wà. Lẹ́yìn náà ni kí o wá fi ohùn mú wọn bára mu. Nínú Kdenlive, sọ́fítíwíà tí a fi ń gé fídíò, wàá yan ohùn tó mọ́ jù gẹ́gẹ́ bí atọ́nà, wàá ní kí àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e. DaVinci Resolve àti Premiere Pro náà ń ṣe é. Bí kámẹ́rà rẹ bá gé iṣẹ́ gígùn sí fáìlì 4 GB kọ̀ọ̀kan, kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Lẹ́yìn èyí, má wo ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Lọ sí ìparí, wá ibi tí ẹnì kan ti pàtẹ́wọ́, wò ó bóyá ó ṣì bára mu. Bí mo ṣe ṣe fídíò ìyá yẹn nìyẹn níkẹyìn, "àmín" sì padà sí ẹnu rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ, ìta gbangba ló ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ohùn kì í yára bí ìmọ́lẹ̀; nǹkan bíi mítà 340 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí o bá ń ya fréèmù 25, ohùn kò tíì rin mítà 14 tán tí fréèmù kan fi kọjá. Níbi òkú àgbà kan ní Ìjùmú, mo gbé kámẹ́rà kan sí ọ̀ọ̀dẹ̀ òkè, nǹkan bíi mítà 40 sí àwọn onílù, mo sì fi ohùn tò ó mọ́ èyí tó wà nítòsí wọn. Ìlà ohùn méjèèjì bára mu rẹ́gí. Síbẹ̀, kọ̀ǹgọ́ ti kan awọ ìlù, ó ti ń gbéra, kí n tó gbọ́ "pá". Ohùn tó pẹ́ dé òkè ni sọ́fítíwíà fà síwájú, ó sì fa àwòrán lọ pẹ̀lú rẹ̀. Mo dá àwòrán òkè dúró ní fréèmù mẹ́ta, kọ̀ǹgọ́ àti ìlù sì di ọ̀kan. Láti ìgbà yẹn, ohùn ni mo fi ń tò ó, ojú ni mo fi ń dájọ́.

Nígbà míì tí o bá jáde, tún gbogbo kámẹ́rà sí 25 kí o tó kúrò nílé. Iná tiwa 50 hertz ni, ìyẹn ni pé ó ń yí ní ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tokunbọ̀ sì máa ń wà lórí fréèmù 29.97. Fréèmù 25 pẹ̀lú shutter 1/50 (kámẹ́rà ń lajú fún ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá fún fréèmù kọ̀ọ̀kan) kò ní jẹ́ kí gílóòbù máa ṣẹ́jú nínú fídíò. Tan gbogbo wọn, kí ẹnì kan dúró níbi tí gbogbo wọn ti rí i, kó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kíkankíkan. Má sì pa ohùn inú kámẹ́rà kankan, bó ti wù kó burú tó, kódà bí o bá ní máìkì lọ́tọ̀. Mo pa á lẹ́ẹ̀kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ẹ̀gbẹ̀ nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀. Kò wá sí ohun tí sọ́fítíwíà lè fi tò ó. Ètè oníwàásù ni mo ń wò láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ní tìrẹ, ojúlówó fáìlì fóònù náà ṣì wà? Má pa á rẹ́. Yọ gbogbo èyí tí o ti gé, kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Tí MediaInfo bá sọ pé Constant ni, kọ nọ́ńbà tó wà níwájú Frame rate ránṣẹ́ sí mi. Bí 29.97 bá wà níbẹ̀ tí o sì ti fagbára kà á sí 30, ìṣẹ́jú àáyá 3.6 ló máa fi sá ní wákàtí kan, ìyẹn sì rọrùn láti tún ṣe.