Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ni Ká Fún ní Tíìpù, Èló, Nígbà Wo?

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ tíìpù pọ̀ lóṣù yìí, Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti wá. Èyí tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn la mú dáhùn.

Èmi àti ìyàwó mi jẹun nílé oúnjẹ kan ní Mayfair, nílùú Ifẹ̀ níbí. Oúnjẹ wa jẹ́ ₦12,000, ṣùgbọ́n ₦14,100 ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì. Ṣé a tún gbọ́dọ̀ fún ọmọ tó gbé oúnjẹ wá ní nǹkan? (Bàbá Ìbejì, Parakin)

Ẹ kọ́kọ́ ka rìsíìtì yẹn láti òkè délẹ̀. ₦900 nínú rẹ̀ ni VAT, ìyẹn ₦7.50 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ló ni ín. ₦1,200 tó kù ni wọ́n ń pè ní service charge, ìdámẹ́wàá owó oúnjẹ yín. Ọwọ́ ẹni tó nilé oúnjẹ lèyí kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Ọ̀gá kan á pín in fáwọn òṣìṣẹ́ lóṣooṣù, òmíràn á fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bi ọmọ náà nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ò sí nítòsí pé: "Ṣé ẹ máa ń rí nínú service charge yìí?" Bó bá ní àwọn ń rí i, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bó bá ní rárá, ₦500 sí ₦1,000 dáa fún oúnjẹ tó tó báyìí. Níbi tí kò bá ti sí service charge, ẹ ṣírò ₦50 sí ₦100 lórí ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan. Ní bùkà tẹ́ ẹ ti tò sórí ìlà tẹ́ ẹ sì fọwọ́ ara yín gbé àwo lọ jókòó, ẹnikẹ́ni ò retí nǹkan lọ́wọ́ yín.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ ni ọ̀nà tí owó ń gbà dọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá fi tíìpù kún owó oúnjẹ, tẹ́ ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí POS, àkáǹtì ilé oúnjẹ lẹ sanwó sí. Bí wọ́n bá ń ṣírò lálẹ́, owó tó lé ni wọ́n máa kà á sí. Ẹ má fi sábẹ́ àwo náà, nítorí ẹni tó gbé oúnjẹ wá lè má jẹ́ ẹni tó máa palẹ̀ mọ́. Ẹ má sì sọ pé kó mú nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ wá kẹ́ ẹ tó san owó oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ti ka èyí léèwọ̀, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ kan ti fi ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ gba owó ṣọ́ọ̀bù sápò ara wọn, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ san owó oúnjẹ, ẹ gba rìsíìtì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi owó bébà sí i lọ́wọ́. Ó dáa kéèyàn máa fi ₦200 àti ₦500 díẹ̀ sápò nítorí irú èyí.

Ohun tó mú ká máa tẹnu mọ́ ọn ni pé ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti ọdún 2024, ṣùgbọ́n òfin náà ò de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25. Mélòó nínú àwọn ilé oúnjẹ wa ló ní òṣìṣẹ́ 25?

Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Oníbàárà kan máa ń fún èyí tó bá fọ irun rẹ̀ ní ₦500, inú sì máa ń bí àwọn yòókù. Ṣé kí n máa gba owó náà kí àlàáfíà lè wà? (Onídìrí, Lágéré)

Ẹ má gbà á, Mà. Ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó oṣù. Òbí rẹ̀ ló sanwó kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún náwó lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù. Ní gbogbo ọdún tó wà láàárín méjèèjì, owó tí oníbàárà bá fi sí i lọ́wọ́ ló fi ń wọkọ̀ délé, òun náà ló fi ń ra gààrí ọ̀sán.

Àmọ́ ìbínú àwọn yòókù kì í ṣe ìlara lásán. Ẹni tó fọ irun ni oníbàárà rí. Kò rí ẹni tó lọ pọn omi, kò sì ka ẹni tó fi wákàtí kan tú irun àtijọ́ kún. Ẹ ra àpótí kékeré tó ní àgádágodo, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí gbogbo ojú ti ń rí i. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ tó pẹ́ jù, kó má sí lọ́wọ́ yín. Lálẹ́ Sátidé, kí wọ́n ṣí i níwájú ara wọn, kí wọ́n kà á sókè. Ẹni tó pẹ́ jù gba ìpín méjì, àwọn mẹ́ta yòókù gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ìpín márùn-ún ni. Bó bá jẹ́ ₦6,000 ló wà níbẹ̀, ìpín kan jẹ́ ₦1,200, àgbà wọn á mú ₦2,400.

Ohun méjì ló máa ń tú irú ètò yìí ká. Àkọ́kọ́ ni kí ọ̀gá yá nínú rẹ̀ láti fi ra àtáṣímẹ́ǹtì, kó ní òun á dá a padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Èkejì ni kí wọ́n máa yọ owó kóòmù tó kán tàbí ọṣẹ tó dànù nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sin oníbàárà dé ìta kí wọ́n lè gbowó níbi tẹ́ ẹ ò ti ní rí wọn, ẹ ò sì ní lẹ́nu láti bá wọn wí. Bí oníbàárà bá sọ pé ti ẹni kan ṣoṣo lòun fún, bóyá nígbà Kérésìmesì tàbí Iléyá, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà mú un.

Ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn ìjọba. Àwọn aládùúgbò ní bí mi ò bá fún nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn ní nǹkan, wọn ò ní bojú tó o dáadáa. (Ọmọ ìyá, Modákẹ́kẹ́)

Ẹ má fún wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni nọ́ọ̀sì náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́. Ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nínú Àfikún Karùn-ún Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ò gbà wọ́n láyè láti béèrè tàbí gba ohunkóhun nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀bùn látọ̀dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ wọn, níwọ̀n tí àṣà bá fàyè gbà, ló yọ sílẹ̀. Ẹ̀yin kì í ṣe ẹbí wọn. Owó tó bá sì ṣáájú ìtọ́jú, ẹ pè é ní ohun tó wù yín, rìbá ni. Bẹ́ ẹ bá fún ti òwúrọ̀, ẹni tó bá gbaṣẹ́ lálẹ́ náà á máa retí tirẹ̀, ẹni tí kò ní lọ́wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ni ìyà máa jẹ.

Kí gbogbo owó tẹ́ ẹ bá san jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń já rìsíìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín, ẹ kọ orúkọ wọ́ọ̀dù, ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ni, SERVICOM tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2004 wà fún irú ẹjọ́ yìí. Bí inú yín bá sì dùn nígbà tí Màmá bá padà délé, ẹ kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe dáadáa. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń wọ fáìlì òṣìṣẹ́, ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju ₦1,000 lọ.

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ọmọ wa ń bọ̀, nítòsí Ẹnuwà. Báwo la ṣe máa ṣe ti alága, onílù àtàwọn tó ń gbé oúnjẹ? (Ìyá ìyàwó, Ilé-Ifẹ̀)

Alága ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá jókòó. Yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ rẹ̀, ó tún máa ń gbowó lọ́wọ́ ẹbí ọkọ lórí ìdúró àti ìdọ̀bálẹ̀, lórí ìwé kíkà, lórí ṣíṣí ojú ìyàwó. Ẹ bi í kí ọjọ́ tó pé: owó tó bá wọ inú tíréè, ta ló ni ín? Alága kan á ní tòun ni gbogbo rẹ̀, òmíràn á pín in dọ́gba pẹ̀lú ìyàwó. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ kọ ọ́ sínú WhatsApp kó lè wà ní àkọsílẹ̀. Ẹ tún fi iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá sí i, kí ẹbí ọkọ má fi ìbínú kúrò lágbo.

Ti onílù, ẹ gbé abọ́ kan síwájú wọn tàbí kẹ́ ẹ fi owó sínú àpòòwé. Abala 21 òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka níná náírà lé èèyàn lórí lóde àríyá sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. A mọ̀ pé ó ṣòro fún Yorùbá láti gbọ́ oríkì ara rẹ̀ lẹ́nu gángan kó má fọwọ́ kan iwájú orí onílù, ṣùgbọ́n wọ́n ti rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Fún àwọn tó ń gbé oúnjẹ, ẹ bi alásè bóyá owó wọn ti wà nínú èyí tẹ́ ẹ san fún un. Ẹ dì ₦1,000 sínú àpòòwé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni kan nínú ẹbí pín in lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó àwo tán. Ẹ má fún wọn níbẹ̀rẹ̀. Àlejò tó bá yọ ₦500 fún wọn níbẹ̀rẹ̀ á jẹ ẹran lẹ́ẹ̀mejì, tábìlì ẹ̀yìn á sì jẹ ìrẹsì funfun.

Ṣé dandan ni ká fún àwọn tó ń ta bẹntiróòlù ní nǹkan? (Awakọ̀, Mọ̀rẹ̀)

Rárá. Bó bá nu gíláàsì ọkọ̀ yín tàbí tó bá yín fa afẹ́fẹ́ sí táyà, ₦200 tó. Ẹ rí i pé mítà wà lórí òdo kó tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ṣéńjì yín pé kẹ́ ẹ tó pinnu ohun tẹ́ ẹ máa fún un. Ṣéńjì tó fúnra rẹ̀ mú kì í ṣe tíìpù.

Ọmọ mi ń lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, á sì ya Lọ́ńdọ̀nù. Kí ni kó mọ̀? (Òbí, Ilé-Ifẹ̀)

Ní Amẹ́ríkà, kó má fi ojú Ifẹ̀ wò ó. Láti ọdún 1991 ni òfin àpapọ̀ wọn ti gba ọ̀gá láyè láti san dọ́là 2.13 péré fún wákàtí kan fún ẹni tó ń gba tíìpù, níwọ̀n ìgbà tí tíìpù bá ti gbé e dé dọ́là 7.25. Ìpínlẹ̀ mìíràn ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, nílé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá bá èèyàn ní tábìlì, dọ́là 15 sí 20 lórí 100 ni wọ́n ń retí, lórí owó oúnjẹ kí wọ́n tó fi owó orí kún un. Lórí rìsíìtì káàdì, kó wá ìlà tí wọ́n kọ "tip" sí, kó kọ iye rẹ̀, kó ṣírò àpapọ̀ rẹ̀, kó tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ti kọ "gratuity" sínú bíìlì, wọ́n ti fi tíìpù kún un nìyẹn, kó má san án lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tó bá ti gba kọfí lórí káńtà, tí wọ́n yí ojú tábílẹ́ẹ̀tì sí i, ó lè tẹ "no tip" láìtijú.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sábà máa ń fi service charge 12.5% sínú bíìlì. Bí wọ́n bá kọ "discretionary" sí i, ìyẹn ni pé kì í ṣe dandan, tí iṣẹ́ wọn ò sì dáa, ó lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Bó bá san án, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni òfin ti sọ pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó pẹ́ tán, kó tó di òpin oṣù tó tẹ̀ lé èyí tó san án.