Ṣé ríṣíìtì olórí ẹbí nìkan tó láti ra ilẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Agbẹjọ́rò. Èkó ni mo ti ń ṣòwò, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́lé sí ìlú ìyá mi, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìwó. Bàbá kan tó jẹ́ olórí ẹbí ti fi pulọ́ọ̀tì méjì hàn mí. Ó ní òun nìkan ni yóò fọwọ́ sí ríṣíìtì, kí n má jẹ́ kí àwọn àbúrò òun gbọ́, torí wọ́n á fi kún owó rẹ̀. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀, màmá. "Kí àwọn àbúrò mi má gbọ́" yẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yín.

Ẹ kọ́kọ́ bi bàbá bóyá wọ́n ti pín ilẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ti pín in lójú ẹlẹ́rìí, tí ibẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, ó lè dá tirẹ̀ tà. Bí wọn ò bá tíì pín in, ilẹ̀ ẹbí ni. Bí bàbá ńlá wọn bá fẹ́ ìyàwó mẹ́ta tó bímọ, ìdí-igi mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí aṣojú kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Bí olórí ẹbí bá dá a tà, kóòtù lè fagi lé títà náà bí àwọn yòókù bá tètè pè é lẹ́jọ́. Bó bá jẹ́ àwọn àbúrò ló tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ò lè fi ẹnìkan sílẹ̀ nínú wọn. Mo ti rí oníbàárà kan tó ti ṣe ruufu tán kí àwọn ọmọ ìyàwó kejì tó dé láti ìlú òkèèrè. Owó tó fi bẹ̀ wọ́n ju owó ilẹ̀ lọ.

Nílùú kékeré, ìdí-igi ẹbí kì í ṣe àṣírí. Ẹ bi baálẹ̀ àdúgbò, ẹ bi àwọn tí oko wọn bá ilẹ̀ náà pààlà. Kí àwọn wọ̀nyí bá yín rìn ín lọ́sàn-án gangan, láti pèrègún ààlà kan dé èkejì. Bí ẹnìkan bá ń dá ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, ẹ bi í bóyá ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn owó tí àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀, ló ń san. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ohun ọ̀gbìn rẹ̀ kí katakata tó dé.

Ẹ jẹ́ kí sọ́véyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọ̀n ọ́n, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Ọ̀gá àwọn sọ́véyọ̀ ní Òṣogbo bóyá ìjọba ti gbà á. Ẹ kọ ìwọ̀n sínú ìwé, ẹ má kọ "pulọ́ọ̀tì méjì" lásán: ibìkan ń lo ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ibòmíràn 60 sí 120. Bí ilẹ̀ náà kò bá sí lára èyí tí ìjọba pè ní ti ìlú ńlá, òfin ilẹ̀ ti 1978 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú.

Bí bàbá ò bá mọ̀wé, kí ẹni tó kọ ìwé náà kà á fún un ní Yorùbá, kó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kí bàbá tó tẹ̀ka. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá owó ìpìlẹ̀ àti owó ruufu ti wà nínú iye tí ẹ san. Àwọn ọmọ onílẹ̀ kì í gbàgbé ìyẹn!

Lọ́jọ́ ìsanwó, kí gbogbo wọn wà níbẹ̀, kí ẹlẹ́rìí tiyín náà wà, kí wọ́n fi ilẹ̀ lé yín lọ́wọ́ lójú wọn. Ní ìlànà ìbílẹ̀, owó tí a san àti ilẹ̀ tí a fà lé ẹni lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí ni títà.

Ìlú ìyá yín ni, ẹ kì í ṣe àlejò pátápátá. Ẹ rán ẹ̀gbọ́n ìyá yín kan lọ bá bàbá náà nírọ̀lẹ́, kó sọ fún un pé ẹ ṣe tán láti san iye tó dárúkọ, bí àwọn ìdí-igi yòókù bá jókòó. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ fi owó yín sápò.